Kọ́kọ́rọ́ Tí Mo Gbà Lójú Ọjà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn kẹ́nkẹ́ tó ń jóná, mo máa ń yí imú kúrò. Kì í ṣe pé n kì í jẹ kẹ́nkẹ́ o. Ta ló ti gbé Accra láti ìgbà ọmọge rẹ̀ tí kò ní jẹ ẹ́? Àgbàdo kíkan tí wọ́n fi èèpo àgbàdo wé, tí a ń fi ata dúdú àti ẹja díndín jẹ, oúnjẹ mi ni. Ṣùgbọ́n kẹ́nkẹ́ tó bọ́ sórí irin gbígbóná, tí òórùn rẹ̀ pò mọ́ ti epo ẹ́ńjìnnì àti ti rọ́bà, ọgbà fítà kan ló máa ń gbé mi padà sí lẹ́yìn Madina, lábẹ́ igi kan tí èéfín ti sọ ewé rẹ̀ di dúdú. Fítà ni wọ́n ń pe mẹkáníìkì níbí. Èyí tí mo ń sọ yìí, òpùrọ́ ni. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó rọ̀ ju ìyẹn lọ. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Nígbà náà, àwọn ológun ti kúrò lórí oyè tipẹ́, ìbò ni a ń dì, ṣùgbọ́n iná mànàmáná kò gbọ́ ti ìbò. Á tàn, á kú, á tún tàn, á tún kú; dúmsọ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é. Ààrò eléèédú ni mo ń tà, èyí tí wọ́n ń pè ní kóòpọ́ọ̀tù, pẹ̀lú ìkòkò irin lóríṣiríṣi. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń rọ wọ́n ní Tema ni mo ti ń kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Madina, màá sì pín díẹ̀ fún àwọn oníbàárà mi ní Lapaz. Píkọ́ọ̀pù kan ló ń bá mi kó wọn, ọkọ̀ funfun tí eruku ti sọ di àwọ̀ ẹ̀wà. Ọkọ mi ló rà á kó tó jáde láyé. Bí ọkọ̀ náà bá dúró, ọjà mi dúró, ẹnu àwọn ọmọ ilé mi náà dúró.

Ẹni tó ń wà á, ará àríwá Gánà lọ́hùn-ún ni, Mùsùlùmí bíi tèmi, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tó ń gbé ní Zongo, àdúgbò àwọn ará àríwá ní Madina. Láti ayé ọkọ mi ló ti ń wà á. Hájíà ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò kan ilẹ̀ Mẹ́kà nígbà náà, kò sì tíì kàn án di òní. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin Mùsùlùmí tó ti dàgbà níbí nìyẹn. Èmi náà ń pè é ní Málàm. Kò mọ ìwé jù mí lọ. Àwa méjèèjì la máa ń jókòó síwájú ọkọ̀, á máa bá mi sọ Hausa, màá máa dá a lóhùn pẹ̀lú Hausa tèmi tó ń tiro. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, kó tó ṣíná ọkọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ń kí ẹṣin.

Bí àìsàn ọkọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Lórí ìrìn, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Láti Tema bọ̀, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nílé. Ṣùgbọ́n bó bá dé ibi iná pupa, tí Málàm bá ti tẹ bíréèkì pẹ́nrẹ́n, ọkọ̀ á gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, á sì kú. Kí ó tó tún un ṣí, iná ti di àwọ̀ ewé, gbogbo ayé ti ń fọn fèrè lẹ́yìn wa. Àwọn ọmọkùnrin tó ń gba owó nínú bọ́ọ̀sì trọ́trọ́ a sì máa yọ orí jáde lójú fèrèsé. "Alata! Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yín ka orí kóòpọ́ọ̀tù, ó ti tutù!" Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Gbogbo èrò inú bọ́ọ̀sì á rẹ́rìn-ín. Kóòpọ́ọ̀tù mi tí mo dì sẹ́yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá fítà náà. Ọkùnrin gìrìwò ni, tí rédíò rẹ̀ kì í dákẹ́, tí ẹni tó ń jó irin sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà rẹ̀, ariwo lọ́tùn-ún, ariwo lósì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń dán ọkọ̀ wò, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Á jókòó síbi ìwakọ̀, á fi ẹsẹ̀ tẹ iná ọkọ̀ mọ́lẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi máa ké bí ẹran tí wọ́n ń dúḿbú, á sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. "Màámé, ẹ gbọ́? Kìnnìún ni!" Ó pààrọ̀ pọ́ọ̀gì. Kìnnìún ni. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó dè é padà. Kìnnìún ni. Bí kìnnìún bá ti dé iná pupa àkọ́kọ́ lójú ọ̀nà, ó ti di òkú ewúrẹ́.

Málàm kò dákẹ́ o. Mo ní láti sọ èyí, nítorí òun ló ń bà mí nínú jẹ́ jù. Ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Hájíà, ọkọ̀ yìí ń mí níbi tí kò yẹ kó ti máa mí. Bó bá dúró, mo máa ń gbọ́ ọ: ssss. Bíréèkì náà sì ti le bí òkúta." Kí ni mo dá a lóhùn? Mo ní, "Málàm, ìwọ wa ọkọ̀ rẹ. Jẹ́ kí fítà ṣe iṣẹ́ fítà."

Nígbà kẹta tí a padà lọ, ojú ti ń ti ọ̀gá fítà, ó sì ní láti wá ẹni tí yóò ru ẹ̀bi. Ó fa epo díẹ̀ jáde nínú táńkì sínú ìgò, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó mi orí bíi dókítà. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Málàm má bàa gbọ́. "Màámé, kẹrosíìnì ló wà nínú epo yìí. Awakọ̀ yín ń fa epo yín tà, ó ń fi kẹrosíìnì dí i." Ó gbé ìgò náà sí mi nímú. Lóòótọ́ ni mo gbọ́ òórùn kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ bá mi rò ó: kẹrosíìnì ni ọkùnrin yìí fi ń fọ irinṣẹ́, òun náà ló fi ń fọ ọwọ́! Aṣọ rẹ̀ ń rùn ún, ìka rẹ̀ ń rùn ún, ìgò tó gbé sí mi nímú gan-an, kẹrosíìnì ni wọ́n ti rọ sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. N kò rò ó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbínú ti dé, làákàyè sì ti jáde.

Mo sọ fún àkọ́bí mi ọkùnrin, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Tema. Kò tilẹ̀ bi mí ní ìbéèrè kan. "Màámi, ẹ lé e. Àwọn dírẹ́bà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ẹ̀yìn ọjà Madina, níbi tí a ti ń já ẹrù, ni mo dúró dè é sí lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan. Àwọn aláàárù wà níbẹ̀, àwọn tó ń ta ìkòkò bíi tèmi wà níbẹ̀, obìnrin tó ń ta omi tútù wà níbẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni mo na ọwọ́. Mo ní, "Mú kọ́kọ́rọ́ mi wá, olè. Lọ wá ọkọ̀ mìíràn tí wàá máa fa epo rẹ̀." Àwọn aláàárù yíjú sí wa. Málàm wò mí. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú kọ́kọ́rọ́ náà, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ró, bí a ṣe ń fún àgbà ní nǹkan níbí, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Hájíà, Ọlọ́run ń wò wá." Ó yí padà, ó lọ. Kò mú ìborí oòrùn rẹ̀ tó fi há gíláàsì iwájú ọkọ̀ pàápàá.

Ọjọ́ Sátidé, ọmọ mi kì í lọ síbi iṣẹ́, òun ló wá gbé mi lọ sí Tema. A di ẹrù tán, a ń bọ̀. A dé iná pupa, ọkọ̀ kú. Ó ṣí i, a dé ìkejì, ó tún kú. Ní ìkẹta, ó tẹ bíréèkì, bíréèkì kọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa wọ ìdí ọkọ̀ agbépo kan. Ẹsẹ̀ tèmi náà ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dúró tán, mo yíjú sí ọmọ mi. "Ìwọ náà ti ń ta epo ni?" Ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀dọ̀ fítà la gbà lọ tààrà. Mo ti ra kẹ́nkẹ́ lójú ọ̀nà, n kò tíì jẹ ju ààbọ̀ lọ, mo sì mú ìyókù dání nínú èèpo rẹ̀. Ọ̀gá fítà gbọ́ ẹjọ́ wa, kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ní kẹrosíìnì tí olè yẹn ń rọ síbẹ̀ ti jẹ ẹ́ńjìnnì tán, kí a ra òmíràn, pé òun ní ọ̀kan nílé tí òun lè tà fún wa. Mo ní kó ṣí i. Ó ní, "Màámé, kí ni ẹ fẹ́ wò níbẹ̀? Iṣẹ́ ọkùnrin ni." Mo ní kó ṣí i! Ó ṣí i, ó ń kùn. Ọmọ mi jókòó síbi ìwakọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ rọra gbé ẹ́ńjìnnì náà dúró kó má bàa kú. Ọ̀gá fítà ń pariwo pé kó tẹ iná dáadáa, kí Màámé lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe bàjẹ́ tó.

Àsìkò yẹn gan-an ni dúmsọ̀ dé. Rédíò dákẹ́. Ẹni tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ dákẹ́. Gbogbo àdúgbò dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n da aṣọ bò wá. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà ni mo ti gbọ́ ọ: ssss.

Ẹ ò mọ ohun tí ohùn yẹn ṣe fún mi. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá mi ní Ṣakí. Obìnrin mẹ́rin ni ìyá wa kọ́kọ́ bí, nítorí náà èmi ni wọ́n mú jókòó ti ẹwìrì. Àwọn kan ń kùn pé obìnrin kì í jókòó ní ilé arọ, níbi tí wọ́n ti ń rọ irin. Bàbá mi ní ṣé iná mọ ẹni tó ń fẹ́ òun ni. Ẹwìrì, fún ẹni tí kò bá rí i rí, igi tí wọ́n gbẹ́ nínú ni, wọ́n fi awọ ewúrẹ́ bò ó lójú, ọ̀pá méjì la fi ń tì í sókè sódò kí atẹ́gùn lè máa lọ sínú iná. Bí awọ náà bá ya níbì kan, tí o sì ń fín in kíákíá, o ò ní mọ̀. Iná á ṣì máa jó. Ìgbà tí apá bá ń ro ọ́, tí o wá rọra ń fín in, ni wàá gbọ́ ọ, ssss, iná á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Bàbá mi á ní, "Nǹkan ń jí èémí wa." Á ní kí n mú ẹ̀kọ tútù wá, á fi ìka lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ihò náà kí iná má bàa kú mọ́ irin lára, títí yóò fi ráyè rán awọ náà.

Ẹ rí i? Ọkọ̀ tó ń sáré dáadáa, tó ń kú bó bá dúró! Ọjọ́ gbogbo ni ọ̀gá fítà ń tẹ iná mọ́ ọn, tó ń fín ẹwìrì kíákíá, níbo ló ti fẹ́ rí ihò?

Mo ká ìborùn mi mọ́ra kí fánù iwájú ẹ́ńjìnnì má bàa fà á. Mo ní kí ọmọ mi dín iná kù. Ó dín in kù, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohùn náà le sí i. Mo tẹ̀lé e pẹ̀lú etí. Rọ́bà kan wà níbẹ̀, ó sanra tó àtàǹpàkò, láti ara ẹ́ńjìnnì ló ti lọ bá bíréèkì. Lójú òkè, kò sí ohun tó ṣe é, ó ń dán. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ihò kan fa awọ ìka mi mọ́ra bí ẹnu ọmọ ọwọ́ ṣe ń fa ọmú. Mo ya kẹ́nkẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, mo fi ìka pò ó, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rọ́bà náà yíká.

Ọ̀gá fítà pariwo ẹ̀rín. "Ẹ wá wò ó o! Alata ń bọ́ ẹ́ńjìnnì! Màámé, ṣé ẹ ò ní bu ata sí i?" Àwọn tó wà lábẹ́ igi dìde wá wòran. Kẹ́nkẹ́ díẹ̀ já bọ́ sórí irin gbígbóná, ó ń jó, èéfín rẹ̀ ń gòkè wọ̀ mí lójú. Mo ní kí ọmọ mi gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá. Ó gbé e kúrò. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ọ̀gá fítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì jókòó jẹ́ẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀, kò gbọ̀n, kò kú. A dúró. Kò kú. Ọmọ mi tẹ bíréèkì, ó ní, "Màámi, ó ti rọ̀." Ẹ̀rín náà kò mọ ibi tí yóò gbà mọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ? Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ yẹ̀ wò tẹ́lẹ̀." Ibẹ̀ gan-an! Mo ní, "Kẹrosíìnì tí o gbé sí mi nímú ńkọ́? Òun ló lọ ya rọ́bà ni?" Ó ní kí n má bínú, pé iṣẹ́ ni iṣẹ́, àṣìṣe kì í tán nínú rẹ̀. Ó mú rọ́bà tuntun wá, ó fi òrùka irin méjì dè é. Kò pẹ́ tó àkókò tí ènìyàn fi ń ṣe àlùwàlá. Ohun tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ gbé kiri, tó fi ba orúkọ ènìyàn jẹ́! Mo ní kó wọ ọkọ̀, kí a jọ lọ bá Málàm, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun parọ́ mọ́ ọn. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ yí. "Nítorí dírẹ́bà lásán, Màámé?"

Èmi àti ọmọ mi la lọ sí Zongo. Málàm jókòó lórí ẹní níwájú yàrá rẹ̀, ó ń lẹ bàtà. Ìyàwó rẹ̀ kò kí mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ọlọ́kọ̀ mẹ́ta ló ti lé e padà, nítorí ohun tí mo sọ lọ́jà ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fi rọ́bà tó ya hàn án. Ó gbà á, ó tẹ̀ ẹ́, ojú ihò náà là, ó sì wò ó pẹ́. Mo kúnlẹ̀. Ẹni tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ dáadáa, mo kúnlẹ̀ fún un, mo na kọ́kọ́rọ́ sí i, mo ń fi Hausa bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù.

Ó dá mi dìde. Kò gba kọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Hájíà, kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbà lójú ọjà, inú ilé lẹ fẹ́ dá a padà sí?"

Ọmọ mi fẹ́ bínú. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ránṣẹ́ sí Málàm pé kó wá, lọ́sàn-án gangan, mo dúró síbi kan náà lẹ́yìn ọjà, mo sì pariwo títí àwọn aláàárù fi sọ ẹrù kalẹ̀, tí olómi tútù fi gbé abọ́ omi rẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé rọ́bà náà sókè. Mo ní kí gbogbo wọn wo olè tó ń jí epo mi. Mo ní awakọ̀ mi ti sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á lẹ́nu mọ́, mo wá pè é lólè níwájú wọn, èmi ni mo parọ́. Ojú tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí etí mi ń gbóná. Obìnrin kan tó ń ta ìkòkò ní, "Hájíà, ó ti tó." Mo ní kò tíì tó. Mo fi ọwọ́ méjèèjì na kọ́kọ́rọ́. Málàm gbà á, ó lọ bá ọkọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá orí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ní gbogbo iná pupa láti Madina dé Tema, ọkọ̀ ń dúró, kì í kú, àwa méjèèjì á sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń mí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, ó fọ ọkọ̀ náà títí àwọ̀ funfun rẹ̀ fi jáde, ó gbé e dé ibi tí a ti ń já ẹrù, níṣojú gbogbo ènìyàn, ó fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún ró. "Hájíà, mo ti rí iṣẹ́ dírẹ́bà ọkọ̀ tó ń gbé omi ní Tema. Mo kàn fẹ́ fúnra mi gbé kọ́kọ́rọ́ yìí lé yín lọ́wọ́ ni." Ó mú ìborí oòrùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Inú ọ̀gá fítà yẹn ṣì ń bí mi. Wọ́n ní ó ń sọ kiri pé òun lòun rí ihò náà. Inú ọmọ mi bí mi fún ọdún bíi méjì, kó tó tutù. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn kẹ́nkẹ́ tó ń jóná, kì í ṣe àwọn méjèèjì ló ń ká mi lára jù. Fítà kò mọ ẹwìrì, ta ni ìbá kọ́ ọ? Ọmọ mi, inú ọ́fíìsì ló dàgbà sí. Èmi ni ọmọ alágbẹ̀dẹ. Èmi ni wọ́n fi etí kọ́ níṣẹ́ kí n tó mọ ọ̀nà odò. Ẹnì kan jókòó tì mí nínú ọkọ̀, ó sọ fún mi ní ọ̀rọ̀ tó jọ ti bàbá mi pé nǹkan ń mí níbi tí kò yẹ, mo sì ní kó máa wa ọkọ̀ rẹ̀.